Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ẹjọ́ Omi Lọ Sílé Ọkọ Mi

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí mi ò rò pé yóò kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ abọ́, n óò kàn bú sẹ́rìn-ín lójijì, ọkọ mi á sì béèrè láti inú yàrá pé ṣé ọ̀rọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni. Òun náà ni.

Irun Tóbi, ọmọ mi obìnrin, ni mò ń dì lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa nílùú Ọ̀wọ̀, ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, nígbà tí ìròyìn dé. Mo ti di apá kan tán, apá kejì ṣì nà ró bí ìgbálẹ̀, ni fóònù bá dún. Ọ̀gá wa ní káńsù ni. Ó ní kí n sáré máa bọ̀, pé wọ́n ti fi mí sípò. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé irun. Bẹ́ẹ̀ ni Tóbi ṣe lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà, apá kan ní irun dídì, apá kan kò ní. Ipò tí wọ́n sì fi mí sí ni pé kí n máa rí sí ìdọ́gba láàárín aráàlú. Ẹ wo ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé kékeré ni mí. Ilé ìwé girama ni mo kà dé kí n tó lọ́kọ. Ohun tó sọ mí di ẹni mímọ̀ níbi iṣẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tí omi ń yọ níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ló ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, àwa obìnrin sì ń sá lọ sẹ́yìn ilé. Mo pariwo, mo tún pariwo, títí wọ́n fi gbé kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sára ìṣó níbi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ti lè tó o. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀tọ́. Nígbà tí obìnrin tó ń darí ẹ̀ka ẹ̀tọ́ aráàlú àti ìdọ́gba lọ bímọ, ọ̀gá wa ní kí n di ipò náà mú títí á fi dé. Ó ní èmi tí mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn, kí n wá máa bá aráàlú gba tiwọn. Iṣẹ́ náà ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n yan ẹnikẹ́ni jẹ nítorí ìlú tó ti wá, tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí torí pé ó jẹ́ obìnrin.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá bá mi ni Ìyá Bísí, ìyá ọlọ́mọ kan bíi tèmi. Ọmọ Afo ni, lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé lábúlé kan tí kò jìnnà sí Upenmen. Ìrẹsì ló ń sè tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Ó ní bí òun tilẹ̀ kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ omi tí ìjọba gbẹ́ fún wọn, alága omi, ọkùnrin tó ń darí ìdí ẹ̀rọ náà, ò ní jẹ́ kí òun pọn àfi bí gbogbo ọmọ onílẹ̀ bá pọn tán. Ìgbà tí òun á bá fi rí omi, tí ìrẹsì á fi jinná, àwọn ọmọ ti wọlé padà láti ibi ìsinmi ọ̀sán. Ó ní bí nǹkan ò bá yí padà, òun á palẹ̀ mọ́, òun á gbé ọmọ òun padà sí Afo. Mo bi í pé ta ni alága omi. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà.

Abúlé ọkọ mi gan-an ni. Ọ̀gá wa béèrè lọ́wọ́ mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé o ní ẹbí kankan tí ọ̀rọ̀ yìí kàn níbẹ̀? Bí o bá ní, ẹlòmíràn ni n ó rán lọ."

Mo ní, "Mo mọ àwọn èèyàn ọkọ mi bí ẹni mọ owó, sà. Kò sí Jòsáyà kankan nínú wọn. Ó ní láti jẹ́ pé àlejò kan ló wá ń yọ wọ́n lẹ́nu."

Ọkọ mi náà béèrè lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí ló ń gbé mi lọ sábúlé àwọn láàárín ọ̀sẹ̀. Mo dijú, mo ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, a kì í sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ó wò mí, ó sì bu òkèlè rẹ̀. Ká ní mo la ẹnu mi sọ ọ́ ni, ì bá kó mi yọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo yá kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó tín-ín-rín jù mí lọ. Síkẹ́ẹ̀tì náà fún mi débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi wọ mọ́tò. Èmi ni mo ní dandan ni kí a gbọ́ ẹjọ́ náà nídìí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo èèyàn, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Wọ́n gbé tábìlì kalẹ̀ fún mi lórí ẹrẹ̀. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a gbé wá láti káńsù. Ìyá Bísí jókòó níwájú, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ mi dúró lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ń wo ìyàwó Àkókó wọn tó ti di ìjọba. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, nítorí Ọ̀kà Àkókó ni wọ́n ti gbé mi wá. Mo gbọ́n kóòtù mi. Mo ní lónìí, kò sí ẹni ńlá, kò sí ẹni kékeré, kò sí onílé, kò sí àlejò. Mo wá ní kí Ọ̀gbẹ́ni Jòsáyà jáde.

Ẹnì kankan ò jáde. Àwọn ìyàwó ilé fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ẹ̀rù ọkùnrin náà ló ń bà wọ́n, ìyẹn sì mú kí orí mi wú sí i. Mo gbé ohùn sókè. Mo pe Jòsáyà. Mo yọ Ọ̀gbẹ́ni kúrò níbẹ̀. Mo ní bí Jòsáyà bá gbójú gbóyà láti fi omi ìjọba ni ọmọ ọlọ́mọ lára, kí ó gbójú gbóyà kó jáde síta. Ìyá Dúpẹ́, ẹni tó ti jẹ́ ìyàwó nílé náà ṣáájú mi, ń ju ọwọ́ sí mi láti ọ̀ọ́kán pé kí n dákẹ́. Mo rò pé ó ń kí mi ni, mo ju ọwọ́ padà sí i.

Ọkọ rẹ̀ ló yọ láti ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àti pákò lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni. Àwọn ará ilé ń pè é ní Bàbá Dúpẹ́. Èmi, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, n kò lè pe orúkọ ẹni tí mo bá nílé ọkọ, ọmọdé ni o, àgbà ni o. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ ọ́ nígbà tí mo dé, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. Ó ti fẹ̀ wàyí, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ṣì ń pè é. Èmi ò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. N kò tilẹ̀ béèrè rí.

Inú mi dùn pé mo rí èèyàn mi. Orúnkún mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi, ó ti kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo gbọ́ tí síkẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi ya láti ìsàlẹ̀ lọ sí ibi tí n kò ní dárúkọ. Gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu mi, èmi ò sì mọ̀. Gbogbo abúlé ló gbọ́ ọ nígbà tí mo ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá Jòsáyà kan jáde. Alágídí kan báyìí ni."

Ó yọ pákò lẹ́nu. Ó ní, "Ìyàwó, èmi ni."

Mi ò mọ bí n óò ṣe kọ ẹ̀rín tí wọ́n rín sínú ìwé. Ìyá Dúpẹ́ fìdí jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ní láti ìgbà tí mo ti wọ ilé àwọn, ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ òun lẹ́nu mi, pé ó sì dùn létí, kí n tún un pè. Ẹnìkan ní ewúrẹ́ ni ìtanràn ìyàwó tó bá pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Òmíràn ní ewúrẹ́ ò tó, pé gbohùngbohùn ni mo fi pè é.

Ìyá Bísí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo adájọ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹni tó pè lẹ́jọ́. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Àṣé ẹbí ni yín," ó sì yí padà, ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju gbogbo ẹ̀rín lọ. Mo fẹ́ dìde lọ bá a, ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, gbogbo ayé ni yóò rí ohun tí síkẹ́ẹ̀tì ò bò mọ́. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ìyá Bísí, ẹ dúró. Òótọ́ lẹ sọ. Ìyàwó ilé wọn ni mí, n kò lè dá ẹjọ́ yìí, ẹlòmíràn ni káńsù máa rán wá. Ṣùgbọ́n mo lè jẹ́rìí." Mo wá kọjú sí i. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé yín, ta ló pọn omi tí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà?"

Ó ní òun ni.

"Àjèjì ni mí lọ́jọ́ náà. Èdè yín gan-an kò yé mi dáadáa. Ṣé ẹ ní kí gbogbo ọmọ onílẹ̀ kọ́kọ́ wẹ̀ tán kí omi tó kàn mí?"

Ó wo ẹsẹ̀ mi nínú ẹrẹ̀. Ó ní bí òun ṣe bá a ni òun ṣe ń ṣe é, pé àwọn àgbà ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ náà sí. Ìyá Dúpẹ́ bi í láti ilẹ̀ tó jókòó sí pé ṣé àwọn àgbà náà ló wá pọn omi láàárọ̀ yìí ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bi Ìyá Bísí pé ta ló kọ́kọ́ dé lónìí.

Ìyá Bísí ní, "Èmi ni. Oòrùn ò tíì yọ tí mo ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi kalẹ̀."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ kígbe fún gbogbo wọn pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ pọn, kò kan ìlú tí ìyá rẹ̀ ti wá. Ọ̀gá wa ṣì rán ẹlòmíràn lọ wò ó lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tó ti fi ọ̀rọ̀ fọ́ mi létí. Ẹni náà ní ìlà ń lọ gbọọrọ, ìrẹsì Ìyá Bísí sì dùn.

Níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Bísí ló wá fi ìborùn rẹ̀ di ìdí fún mi kí n tó lè dìde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti gan mọ́ mi lórúnkún, mo bá rìn lọ sídìí ẹ̀rọ kí n bu omi díẹ̀ ṣan ẹsẹ̀. Ó di apá mi mú jẹ́jẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ tò."

Mo tò. Kò sẹ́ni tó bá mi bẹ̀bẹ̀. Ewúrẹ́ náà, mo rà á nígbà tí owó oṣù wọlé, wọ́n sì fún mi nínú ẹran rẹ̀ jẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: kí n tó gbé kóòtù wọ̀ lọ bá ẹlòmíràn tún ilé ṣe, kí n kọ́kọ́ béèrè orúkọ àwọn tí mo ń bá jẹun. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé, "Ọ̀rọ̀ ìjọba ni."

Tóbi wà láàárín ẹsẹ̀ mi nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, mò ń di irun rẹ̀, apá méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀yin náà tò, Màámi, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Mo sọ fún un pé mo tò, pé ọmọ kan tí kò tó ọ ló wà níwájú mi, agolo mílíìkì ló gbé wá, mo sì dúró títí agolo rẹ̀ fi kún. Mo ní, "Bí o bá dé ibi omi, tí o bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, má bi í pé ọmọ ibo ni. Dúró sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé èmi ìyá rẹ ni mo dé lẹ́yìn rẹ, tí mo ń fi gbohùngbohùn pariwo, sọ fún mi kí n tò."