Jagun Tí Kì Í Wẹ̀yìn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé ọ̀kánjúwà ni wọ́n fi ń bá wí. Ìyẹn ni ìtumọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà lórí Jagun Fátóògùn, ó sì wúwo lórí rẹ̀ gan-an, bí ẹ ó ṣe gbọ́ láìpẹ́.

Láyé ìgbà tí ìlú ń bá ìlú jà nítorí ohun tí kò tó nǹkan, àwọn ará Òkè-Àbàtà gbé ogun ti àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò nítorí odò kan. Ẹja inú odò ọ̀hún kò ju ọmọ ìka lọ. Síbẹ̀ àwọn ọkùnrin gbé ìbọn, wọ́n gbé ọ̀kọ̀, wọ́n ní etí odò làwọn ó tẹ̀dó sí títí àwọn ó fi ṣẹ́gun. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni yóò gún iyán? Ta ni yóò ru ẹ̀tù ìbọn? Ta ni yóò wẹ egbò fún ẹni tí ọfà bá bà? Kò sẹ́ni tó ronú kan ìyẹn títí ogun fi fẹ́ gbéra. Ìgbà náà ni wọ́n wá sáré ránṣẹ́ sí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ni olórí àwọn obìnrin tí ń dáná ogun. Ó mọ bí a ṣe ń dáná tí èéfín kò fi ní í ta ọ̀tá lólobó. Ó kó àwọn obìnrin jọ láti agboolé dé agboolé, ó sì ṣèlérí fún ìyá oníkálukú pé bí òun ṣe kó wọn lọ ni òun yóò ṣe kó wọn bọ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó ọmọ rẹ̀, wà lára wọn. Oyún àkọ́bí wà níkùn Àwẹ̀ró, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ sì fẹ́ fi í sílé, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ní ọkọ òun ń lọ sójú ogun, òun ò lè jókòó sílé máa wo àjà.

Àṣà kan wà ní Òkè-Àbàtà. Nínú igbá kan ṣoṣo ni oúnjẹ àgbà àti tàwọn tó sè é máa ń wà. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ jẹ, àwọn tó sè é yóò sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ dé ìwọ̀n, á wẹ̀yìn, á rí wọn, á sún igbá sí wọn. Ẹni tó bá jẹ ìkẹyìn nínú igbá ni yóò fọ̀ ọ́, òun náà ni yóò rù ú lọ síbi tó bá kàn. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí i. Lójú ogun, àwọn ọmọ ogun ní ìpín tiwọn lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n inú igbá Jagun ni ìpín àwọn obìnrin wà.

Ó dára bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi fi Fátóògùn jẹ Jagun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó, àwọn obìnrin gún iyán tó funfun, wọ́n fi òkété se ẹ̀gúsí, wọ́n gbé e ka iwájú Jagun, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó jẹ iyán, ó jẹ ẹran, ó fọ́ egungun, ó fa ọ̀rá inú rẹ̀ mu, ó wá fi ìka nu igbá yíká. Ó gùnfẹ̀.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ wá gbé igbá."

Àwẹ̀ró yọjú wo inú igbá. "Ìyá, èyí ò tún nílò fífọ̀ mọ́."

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ní kí wọ́n ní sùúrù, pé bóyá ìrìn ọ̀nà jíjìn ló fa ebi rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi kún iyán. Jagun fi kún jíjẹ. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó lè rántí pé èèyàn wà níbẹ̀. Ó húkọ́ títí àyà fi ń dùn ún. Jagun kò yíjú, ó kàn fi òkèlè sẹ́nu, ó ní, "Ẹ lọ wá àgbo sí ikọ́ yẹn, kó má ran àwọn ọmọ ogun mi." Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wá fi ata sí ọbẹ̀, ata tó jẹ́ pé ẹni tó ń fẹ́ná lásán ń sunkún. Jagun làágùn, ó bọ́ ẹ̀wù, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ọbẹ̀ tòní ló wá dùn jù.

Ọ̀rọ̀ náà sú Ọ̀ṣúnfúnkẹ́. Ó lọ kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wẹ̀yìn bí ẹ bá ń jẹun. Ebi ń pa àwọn ọmọ yín."

"Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, jagunjagun kì í wẹ̀yìn."

"Lójú ogun ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Kì í ṣe nídìí iyán."

"Ibi tí mo bá jókòó sí, ojú ogun ni. Àti pé obìnrin wo ni ebi ń pa lẹ́bàá ìkòkò tirẹ̀?"

Ẹ ẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀! Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dìde, ó gbọn orúnkún nù, ó ránṣẹ́ sí ààfin. Ó ní kí Ìyá Ọba yá òun ní igbá tó tóbi jù nílé, bóyá ikùn Jagun yóò rí ibi tó ti máa sọ pé ó tó. Ìyá Ọba fi igbá kan ránṣẹ́ tí wọ́n lè fi wẹ ìbejì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Igbá ààfin kì í sùn nílẹ̀ àjèjì lẹ́yìn ogun. Kí Jagun búra pé yóò padà dé ọwọ́ mi." Inú Jagun dùn nígbà tó rí bí igbá náà ṣe tó. Ó fi ahọ́n kan ìbọn, ó búra.

Àwọn obìnrin fi iyán kún igbá náà. Jagun jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Ni àwọn obìnrin bá ń fọwọ́ gbá ara wọn pé ó ti yó. Kò yó. Ó kàn sinmi ni. Ó dìde, ó tún jókòó ti igbá, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Báyìí ni àwọn obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé inú igbó jẹ. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró ru ẹ̀tù ìbọn gba inú odò lọ fún àwọn ọmọ ogun. Òòyì kọ́ ọ láàárín odò, ó ṣubú, omi sì gbé gbogbo ẹ̀tù lọ. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bẹ́ sómi, ó fà á jáde, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ó sì ń fọwọ́ wá ọmọ níkùn rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó mira. Nígbà tó mira, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bú sẹ́kún.

"Kí ló ṣe ọ́, ìyàwó mi?"

"Ebi ni, Ìyá. Kì í ṣe nǹkan mìíràn."

Ẹkún Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dá lójijì. Ìbínú ló dá a dúró.

Ẹ̀tù tán, ogun ò ṣeé jà mọ́. Ó ti sú àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò náà, wọ́n ní kí àwọn máa pín ẹja. Jagun kéde pé òun ti ṣẹ́gun. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ fi gbogbo iṣu tó kù gún iyán ìkẹyìn, àwọn obìnrin jókòó sẹ́yìn, Jagun sì jẹ gbogbo rẹ̀. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ò húkọ́. Ó ní kí oníkálukú lọ di ẹrù tirẹ̀.

Jagun kó ẹ̀wù, oògùn àti gbogbo ìkógun rẹ̀ sínú igbá Ìyá Ọba. "Ó yá, ẹ wá rù ú."

"Bàbá, ta ló jẹ ìkẹyìn nínú igbá náà lónìí?" Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ló bi í.

"Èmi ni."

"Lánàá ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Ta ni àṣà wa ní kó ru igbá?"

Jagun wo àwọn ọmọ ogun. Gbogbo wọn gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Ọkọ Àwẹ̀ró ní, "Àwa ò tọ́ iyán yẹn wò, Bàbá." Jagun wá wẹ̀yìn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti joyè. Kò rí ẹnì kankan. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ àti àwọn obìnrin ti gba ọ̀nà ilé lọ.

Ó ti búra, kò lè fi igbá sílẹ̀. Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká. Ó tú ọ̀já ìgbànú rẹ̀, ó ká a sórí, ó gbé igbá lé e. Ìgbà yẹn ni ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ó fi ọwọ́ kan di igbá mú, ó fi èkejì di ṣòkòtò. Igbá yẹ̀, ó bò ó lójú, Jagun sì wọ inú wèrèpè lọ ràì. Ara ń yún un, ọwọ́ ò sí. Ariwo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin níwájú.

Àwẹ̀ró fẹ́ kú fún ẹ̀rín. "Ìyá, ẹ wẹ̀yìn, ẹ wo Jagun!"

"Jagunjagun kì í wẹ̀yìn," ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ kó wọn délé, gbogbo wọn pé. Ó pẹ́ lẹ́yìn wọn kí igbá ńlá kan tó dé ẹnubodè, tó ní ẹsẹ̀ méjì nísàlẹ̀. Oníbodè kí i pé, "Ìyá arẹrù, ẹ kú ẹrù o! Jagun ńkọ́?"

"Èmi ni Jagun!" ni ohùn kan wí lábẹ́ igbá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ebi ti há yín lóhùn. Wọ́n ní Jagun yẹn kì í jẹ kù."

Nígbà tó dé ààfin, ó bá Àwẹ̀ró lórí ẹní, ó ń jẹ àsáró. Ìyá Ọba ti gbọ́ ohun gbogbo. Ó gba igbá, ó wo inú rẹ̀, ó wo Jagun tó ń fi ẹ̀yìn ha ògiri, ló bá sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ìlú gbé kiri.

Nígbà tí Àwẹ̀ró bímọ, wọ́n gbé iyán fún Jagun níbi ìkómọ. Ẹ̀rù igbá ti bà á. Òkèlè kan, ó wẹ̀yìn. Òkèlè kejì, ó tún wẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn títí ọrùn rẹ̀ fi há síbẹ̀, kí wọ́n sì tó bá a fi òróró fà á padà, àwọn tó wà níwájú ti jẹ iyán náà tán. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ nìkan ló bá a kẹ́dùn. Ó rọra sún igbá òfìfo náà sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Tòní, ẹlòmíràn ni yóò rù ú."

Ohun tí Ìyá Ọba sọ lọ́jọ́ náà lẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kó sì yáa di ṣòkòtò rẹ̀ mú dáadáa.