Ọjọ́ Kérésì Tí Ojútìyín Sá Lọ

Àwọn Kérésì mìíràn ti ń pòórá lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí kò ní tán níbẹ̀ láéláé: ọjọ́ tí mo sáré káàkiri Agége, tí mò ń kígbe "Ojú tì yín!" sí àwọn ẹni ẹlẹ́ni tó ń jẹ ìrẹsì ọdún wọn jẹ́jẹ́.

Kì í ṣe pé mo ya wèrè. Ajá ni mò ń pè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ọmọ́lẹ̀, tí mò ń pè ní Màmá, ló ni ín. Nígbà tí ọkọ wọn kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rò pé Màmá yóò kẹ́rù jáde nínú ilé. Màmá ò kẹ́rù. Wọ́n ra ọmọ ajá funfun kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ojútìyín, wọ́n sì ń pè é láràárọ̀ láti ojú fèrèsé, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn lè gbọ́. Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Lọ́dún náà, Màmá fẹ́ lọ ṣe Kérésì ní Ìjẹ̀bú, nílé ẹni tí kò fẹ́ràn ajá. Wọ́n gbé Ojútìyín wá sọ́dọ̀ mi, nítorí mo máa ń fọ́nnu pé àárín àwọn ajá ọdẹ bàbá bàbá mi ni mo dàgbà sí. Òótọ́ ni. Ohun tí mi ò fi kún un ni pé ọ̀kan nínú wọn bù mí jẹ ní ìdí.

"Má fún un léegun adìẹ o," ni Màmá wí. "Tí wọ́n bá sì ń yin nọ́káòtù, tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìró yẹn máa ń já a láyà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ta lẹ ń kọ́ ní ajá títọ́jú?"

Àárọ̀ Kérésì, mo ń dín adìẹ lẹ́yìnkùlé, Ojútìyín sì wà nínú yàrá jẹ́jẹ́ ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Tàbí kí n kúkú sọ òótọ́: fọ́tò ni mo fẹ́ yà fún Màmá. Mo ti ra fìlà Kérésì pupa kan. Mo dé e fún ajá, mo mú un jáde, mo sì so ó mọ́ okùn ìsáṣọ mi, tí aṣọ ṣì wà lórí ẹ̀.

Bàbá Rídíwáànù, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, yọjú. "Àbúrò, mú ajá yẹn wọlé o. Iléyá tó kọjá, nọ́káòtù ẹyọ kan ni àgbò mi gbọ́ tó fi fo fẹ́ǹsì. Ọjọ́ kejì la tó rí i."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àgbò nìyẹn, Bàbá. Àgbò ò lọ́pọlọ. Ajá lèyí."

Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí nọ́káòtù fi dún lójúde: gbàù! Ojútìyín fò sókè. Èkejì dún, okùn já. Géètì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Èmi náà ni mo ṣí i. Kí n tó pajú dé, ajá Màmá ti jáde pẹ̀lú fìlà pupa lórí, ó ń wọ́ okùn tí pátá mi méjì ṣì há sí.

Mo gbá tẹ̀lé e, tèmi ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ṣíbí adìẹ lọ́wọ́. "Ojútìyín! Ojútìyín o!"

Ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. "Ta lojú tì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ajá ni."

"Èmi lo pè lájá? Lójú àwọn àna mi?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ó ti ń wá igi. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Fìlà pupa yẹn ni mò ń wò lọ́ọ̀ọ́kán títí ó fi kó sínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun kan. Wọ́n ń ṣe àdúrà ìparí lọ́wọ́. Mo já wọlé: "Ojútìyín!"

Gbogbo ìjọ yíjú. Ìyá Ìjọ, àgbàlagbà tí ohùn wọn ò nílò ẹ̀rọ, na ọwọ́ sókè. "Ojú ò ní tì wá lórúkọ Jésù!"

"Àmín!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, mà. Orúkọ ajá mi ni."

Abẹ́ àga kan nígun lọ́hùn-ún la ti rí i, ó ń gbọ̀n bí ẹni tójò pa. Mo nawọ́ sí i, ó sún sẹ́yìn. Ìgbà yẹn lojú wá tì mí gidi. Ìyá Ìjọ ló jókòó sílẹ̀, wọ́n tú okùn lọ́rùn ẹ̀, wọ́n fi apá sùtánà bò ó létí, wọ́n sì ń rọra kọrin sí i lábẹ́lẹ̀. Kò pẹ́, ó gbórí lé itan wọn.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Màmá ni, wọ́n fẹ́ rí ojú ajá wọn.

"Níbo nìyẹn?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, mà. A wá dúpẹ́ ọdún."

"Ìwọ? Nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Ọlọ́run ṣeun!"

Ká ní ó parí síbẹ̀, ǹ bá jàre. Ṣùgbọ́n akọrin kan na okùn náà sókè lẹ́yìn mi. "Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni pátá tó wà níbí?"

Màmá sún ojú mọ́ fóònù. "Okùn kí nìyẹn?"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò bú mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Wọ́n kàn ní, "Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mo sì sọ fún ọ."

Nígbà tí mo gbé e délé, Bàbá Rídíwáànù ti bá mi pa gáàsì, wọ́n sì ti bá mi tọ́ adìẹ wò, ẹyọ mẹ́ta. Ìyókù ọ̀sán náà, inú yàrá lèmi àti ajá wà, fèrèsé ní títì, rédíò ń ké kí ariwo ìta lè dín kù. Tí nọ́káòtù bá ti dún, á wọ́ sún mọ́ mi. Mi ò ya fọ́tò kankan.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ọdún tiwa kì í ṣe ọdún ajá. Ohun tí à ń pè ní fàájì, ogun ni létí tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún lájá ṣọ́, kó tilẹ̀kùn, kó ti géètì, kó sì pa ẹnu ara ẹ̀ náà dé.

Kérésì tó tẹ̀lé e, Màmá tún lọ sí Ìjẹ̀bú. Ìyá Ìjọ ni wọ́n gbé ajá fún. Mo bèèrè bóyá kí n máa yọjú wò ó.

"Máa wò ó lórí fóònù," ni Màmá wí.

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó jẹ̀bi.