Ọjọ́ Tí Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Ilé Ìwé

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi: ọjọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí mi ò sì lè dúró. Tíṣà ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Ìyìn ni mò ń gbé lọ́dọ̀ bàbá mi, Adó sì ni ilé ìwé tó gbà mí síṣẹ́ wà, lápá Òkè-Ìlá. Wọn ò tíì gbà mí tán pàápàá. Wọ́n ṣì ń dán mi wò ni, bóyá mo tó ẹni tí à ń fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ń rin ọ̀nà náà, mo sì ń pẹ́ dé. Ọ̀gá ilé ìwé wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé bí agogo bá fi lè lù kí n tó dé lọ́jọ́ náà, kí n kúkú gba oko bàbá mi lọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo àwọn ìyá ìjọ pé ọmọ òun ti di tíṣà. Ojú wo ni mo fẹ́ fi gbé ọkọ́ kọjá níwájú wọn?

Ni mo bá lọ yá kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọkùnrin gíga ni, gàárì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ga bíi tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ. Kí n má parọ́, mo mọ̀ ọ́n wà: bí mo bá ti wà lórí rẹ̀, tí ọ̀nà sì tọ́, ẹ ó rò pé orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bí a ti ń gorí rẹ̀ àti bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni mi ò tíì mọ̀. Bí mo bá fẹ́ gorí rẹ̀, àfi kí n dúró lé òkúta. Bí mo bá fẹ́ sọ̀, àfi kí n rí igi tàbí ògiri dì mọ́. Mo rò pé ìyẹn náà tó. Òkúta wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìyìn, ògiri sì wà ní ilé ìwé ní Adó. Kí ló tún kù?

Àwọn àgbà ló kù. Láyé ìgbà yẹn, lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Bó o bá rí àgbà lọ́ọ̀ọ́kán, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá gbé kẹ̀kẹ́ tì, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá gba àdúrà, kó o tó máa lọ. Ẹni tó bá kí àgbà látorí irin, ẹjọ́ rẹ̀ á ti délé ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Bàbá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi kẹ̀kẹ́ ba orúkọ òun jẹ́ láàárín ìlú. Mo fi í lọ́kàn balẹ̀. Ṣebí mo ti pinnu pé màá tètè jáde, kí n má bàa pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èmi ọmọ àgbẹ̀, mo gbàgbé pé àgbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jí.

Mi ò tíì jìnnà sílé tí mo fi rí bàbá arúgbó kan tó gbé àdá kọ́ èjìká, tó ń bọ̀ níwájú mi. Mo wo ọ̀tún, kò sí igi. Mo wo òsì, kò sí ògiri. Mo fa bíréèkì, mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí mo ti ń rí i táwọn ẹlòmíràn ń ṣe, kẹ̀kẹ́ lọ síbì kan, èmi lọ síbòmíràn. Mo nà gbalaja níwájú bàbá náà, mo fi àyà gbalẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì wà níwájú. Kí n tó rí ohùn fi kígbe, mo gbọ́ tó ń sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí irú ìdọ̀bálẹ̀ báyìí kẹ́yìn. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí, mo dá a lóhùn láti inú eruku. Ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó wúre fún mi, ó wúre fún bàbá mi, ó wúre fún ìyàwó tí mi ò tíì fẹ́ àti àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí. Orúnkún ń ta mí, oòrùn ń yọ, àmín ni mò ń ṣe. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló di kẹ̀kẹ́ mú tí mo fi rí i gùn padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé Adó, ni mo tún rí ìyá àgbàlagbà kan tó ru iṣu. Lọ́tẹ̀ yìí igi wà, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni. Ẹni tó bá ti dì mọ́ ọ̀pẹ rí mọ̀ pé kì í ṣe igi tí à ń dì mọ́. Mo kí ìyá náà pẹ̀lú àyà bíbó. Ó wò mí, ó wo kárìà tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, usu yìí ti wọ̀ mí lọ́rùn," ni ó wí. "Bá mi gbé e débi ulé tí ọmọ mi ń kọ́ ní Òkè-Ìlá. Oúnjẹ àwọn tó ń bá a ṣuṣẹ́ ni."

Ta ni yóò kọ̀ fún ìyá? A fi okùn di iṣu náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó júwe ibẹ̀ fún mi, ó ní nísàlẹ̀ ilé ìwé kan ni, ó sì bá mi di kẹ̀kẹ́ mú tí mo fi gùn ún. Ilé ìwé wa ló ń wí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ̀ pé Adó kì í ṣe ìlú tó tẹ́jú. Bí mo ti yọ sí ìdágẹ̀rẹ́, iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti ẹ̀yìn. Mo fa bíréèkì, wáyà rẹ̀ já. Ọ̀nà kún fún àwọn tó ń lọ ọjà, àwọn ọmọléèwé, ewúrẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń tú èéfín. Mo ń tẹ aago kẹ̀kẹ́, wọ́n ń yà fún mi, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀gá wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, òun àti ọkùnrin sísanra kan tó wọ aṣọ funfun. Agogo kò tíì lù. Inú mi dùn dé góńgó, ó ku kí n di ògiri mú.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti kí àlejò, kò sí àyè tí mi ò ní pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Mo gbé ojú kúrò níbẹ̀, mo gbé ọwọ́ kan sókè, mo kí àwọn àgbà méjèèjì látorí kẹ̀kẹ́, mo sì kọjá lọ. Ọ̀gá wa dá mi lóhùn pé káàárọ̀, nítorí ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ilé. Àwọn ọkùnrin ń fẹsẹ̀ po amọ̀ nínú kòtò ńlá kan, wọ́n fò jáde, èmi sì wọlé. Amọ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Bí kì í bá ṣe amọ̀ yẹn, ògiri ilé ni ì bá gbà mí, ẹ kì bá sì máa ka ìtàn yìí. Mo jókòó sínú rẹ̀, iṣu fífọ́ yí mi ká, mo ronú kan oko bàbá mi àti ojú ìyá mi, omijé sì bọ́ lójú mi.

Àwọn ọkùnrin náà kò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n fà mí jáde, wọ́n fọwọ́ tẹ egungun mi wò, wọ́n da omi lé mi lórí, ọ̀kan nínú wọn sì fún mi ní bùbá tó fẹ́ wọ̀ relé. Ó ti ya lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó mọ́. Mi ò mọ orúkọ ọkùnrin yẹn dòní, mo ṣì ń gbàdúrà fún un. Ìyá oníṣu dé bá wa níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n dákẹ́.

"Ṣebí gígún la fẹ́ gún un. Ṣe odidi usu ni wọ́n ń kó sódó ni?"

Ọ̀gá wa àti alábẹ̀wò ni wọ́n dé tẹ̀ lé e, gbogbo ilé ìwé sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá wa kọ́kọ́ bi mí bóyá ibì kan dá. Mo ní rárá. Mo wá ní, "Sà, mo pẹ́."

Ó wò mí títí, ó wá yíjú sí alábẹ̀wò. "Ó ti dé kí agogo tó lù. Èmi àtẹ̀yin la jọ rí i. Dídúró nìkan ló kù ú kù."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilé mú. Nígbà tó rí èémí, ó ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ, kí òun gbọ́. Iṣẹ́ tó sì kàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìmọ́tótó ara ni. Mo dúró níwájú wọn nínú bùbá yíya, amọ̀ wà nínú etí mi, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fọ ẹ̀yìn etí wọn. Wọ́n fetí sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ tán kí ọdún náà tó parí.

Ọ̀gá wa yìí kan náà, tó fẹ́ lé mi lọ sóko, òun ló bọ́ kóòtù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó di gàárì kẹ̀kẹ́ mi mú, tó ń sáré tẹ̀ lé mi káàkiri pápá títí mo fi mọ bí a ti ń sọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí èèyàn tó gun ohunkóhun, kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí à ń gbà sọ̀. Mo dúpẹ́ pé àárín àwọn tó mọ bí a ti ń gbé èèyàn dìde ni mo ṣubú sí.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Bí mo bá ń rìn lọ́nà, tí mo rí ọ̀dọ́ kan lórí kẹ̀kẹ́ tó ń múra àtisọ̀ nítorí mi, mo ti máa ń juwọ́ sí i láti òkèèrè pé, "Má sọ̀, ọmọ mi, mo ti gbọ́. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ." Wọ́n máa ń rò pé bàbá ọlàjú ni mí. Bí wọ́n bá ti kọjá tán, màá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, màá máa dá rẹ́rìn-ín.