Bánà Ọjọ́ Ìdọ́gba

Ìyá Atẹ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, kò tíì nu eruku orí kọ̀ǹpútà tán, tí Alága fi já wọlé bí ẹni tí oyin ń lé, ìwé kan lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù méjì lọ́wọ́ òsì. Olùkọ́ àgbà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà lókè títì, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò Ọjọ́ Ìdọ́gba Ọkùnrin àti Obìnrin, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi kéde pé kí ìwà ipá sí obìnrin dópin. Ọ̀la lọjọ́ ọ̀hún.

"Ìyá Atẹ̀wé, ẹ gbà mí o! Bánà ni mo bá wá. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú. Ọ̀sán òní ni mo fẹ́ ẹ."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹn-ẹ́n, ẹ káàárọ̀. Ọ̀sán òní."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ọ̀la ń bọ̀ ni?"

"Oṣù mẹ́ta la ti ń múra! Ìpàdé mọ́kànlá la ṣe. Mẹ́wàá la fi yan àwọn tó máa jókòó síwájú."

"Ìkọkànlá ńkọ́?"

"Ìyẹn la fi to bí wọ́n ṣe máa jókòó tẹ̀ léra wọn."

Ìyá Atẹ̀wé gba ìwé náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni Alága fi kọ ọ́, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀: OWO LO YE OBINRIN.

"'Owó ló yẹ obìnrin,'" ó kà á sókè. "Há! Ọ̀rọ̀ rèé. Ẹ ṣeun, sà. Ibo la ti máa gbà á?"

"Gba kí ni?"

"Owó."

"Kì í ṣe owó! Àmì wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Mi ò rí àmì kankan, sà."

"Ọkàn mi ló wà."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ n bá yín mú un jáde. 'Ọwọ̀ ló yẹ obìnrin.'" Ó wo Alága látòkè awò ojú. "Èyí tí wọ́n fi ń gbálẹ̀?"

"Ta ló ń sọ ti ìgbálẹ̀? Ṣé a máa kó àwọn èèyàn ńláńlá jọ nítorí ìgbálẹ̀?"

"Kí ló wá kù? 'Ọwọ́ ló yẹ obìnrin'?"

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó sọ ìyẹn. Ìyá Atẹ̀wé ti gbé ilé ọkùnrin kan rí tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti kó jáde níbẹ̀, àpótí kan lórí, eyín kan dín lẹ́nu. Ó ká ìwé náà, ó nà án padà.

"Alága, mi ò tẹ ìyẹn níbí o. Ẹ gbé e lọ síbòmíràn."

"Ọ̀WỌ̀!" Alága kígbe títí ojú ọ̀nà fi gbọ́. "Ọ̀-wọ̀! Iyì! Àpọ́nlé! Méjèèjì nísàlẹ̀, dò, dò!"

"Áà! Ọ̀wọ̀. Ẹ wá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nù un. Ohun tí ẹ fẹ́ fún obìnrin, ọkàn yín ló wà. Ohun tí wọ́n ti ń fún un tẹ́lẹ̀ ló wà nínú ìwé."

"Ẹni tó bá kàwé máa mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ẹni tó ń lu ìyàwó rẹ̀ lè kàwé, sà. Tó bá rí i gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà, á ní àwọn olùkọ́ àgbà ti fọwọ́ sí i."

"Àmì wọ̀nyẹn máa ń dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lára bánà. Wọ́n ń ba ẹwà jẹ́."

"Láàárín ọwọ́ àti ọ̀wọ̀, eṣinṣin yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnu ni wọ́n ti kọ́ mi."

Ojú Alága là. Ìmọ̀ èdè kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí kì í dá sí. "Ẹ ṣeun! Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ẹnu ni ẹ̀kọ́ ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni olùkọ́ yín?"

"Ọkọ mi àtijọ́."

"Ọ̀mọ̀wé ni?"

"Kò sí ọjọ́ tí kì í kọ́ mi, sà."

"Irú ọkọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n."

"Ọlọ́run má jẹ́ ó pọ̀," ni Ìyá Atẹ̀wé wí. Ó gba ìwé náà padà, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì fi àmì náà sí i fúnra rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, ó tún fi ọ̀dà pupa kùn wọ́n kí wọ́n lè hàn.

Alága ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti orí fóònù. Fọ́tò ń bọ́ sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan: irùngbọ̀n kan, orí pípá kan, irùngbọ̀n méjì, táì, táì, orí pípá tó ní irùngbọ̀n. Ìyá Atẹ̀wé fi ìka kà wọ́n.

"Mọ́kànlá pé. Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ fẹ́ gbá a?"

"Gbá kí ni?"

"Bọ́ọ̀lù."

"Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìdọ́gba nìyẹn!"

"Obìnrin dà?"

"Ìbéèrè tó dára." Alága káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́. "Obìnrin wà! Akọ̀wé wa, obìnrin gidi ni. Òun ló kọ gbogbo lẹ́tà, òun ló pe àwọn àlejò, òun náà ló bá wa gba gbọ̀ngàn."

"Fọ́tò rẹ̀ ńkọ́?"

"Àyè ò gbà á mọ́."

"Ẹni tó gba odidi gbọ̀ngàn, àyè ò gbà á lára bánà?"

"Èmi kọ́ ló wí. Ìbò la dì, mọ́kànlá sí òdo."

"Akọ̀wé ò dìbò ni?"

"Ta ló fẹ́ ka ìbò tó bá ń dìbò?"

"Ìdọ́gba rèé."

"Ìdọ́gba pátápátá! Kò sí ọkùnrin kan nínú wa tó gba àyè ju èkejì lọ."

Ìyá Atẹ̀wé tẹ bọ́tìnnì kan, orí mọ́kọ̀ọ̀kànlá sì súnkì di ìwọ̀n ọmọ ayò. Alága sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń wá ara rẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wá àyè, sà. Ẹ jẹ́ ká ka ìlà kejì. 'Ipa obìnrin nínú ìwà ipá.'" Ó yíjú sí i. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọjọ́ wo làwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù yín?"

"Ta ló ń lù mí? 'Ipa obìnrin nínú ìdẹ́kun ìwà ipá' ni àkòrí ọ̀rọ̀ mi. Ó gùn jù ni mo fi gé ìdẹ́kun kúrò."

"Ẹ gé ìdẹ́kun, ẹ dá ìwà ipá sí."

"Bánà ò gbọdọ̀ kún jù."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ipa obìnrin?"

"Èmi fúnra mi. Ogójì ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́. Kí ni wọ́n wá sọ fún yín?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn obìnrin."

"Ìwé ni mo kà," ni Alága wí.

"Aago mélòó ni ayẹyẹ? Ẹ ò kọ aago síbí." Ìyá Atẹ̀wé yí ìwé náà padà, bóyá aago wà lẹ́yìn.

Ohun mìíràn ló wà lẹ́yìn. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó mọ́ tónítóní, tí ẹni tó kọ ọ́ rọra fi gbogbo àmì sí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í kà. Ìyá Atẹ̀wé kọ́kọ́ kà á sínú. Lẹ́yìn náà ó kà á síta, ohùn rẹ̀ ò ga, kò sì ṣàwàdà mọ́.

"'Sí Alága Ìgbìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí. Ọmọkùnrin kan tí mo sọ fún pé mi ò fẹ́ ti ń dènà dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a ń gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì ó fa apá mi títí ó fi yẹ̀. Ó ní ìgbà mìíràn kò ní jẹ́ apá. Mi ò lọ sí kíláàsì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi.'"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ló ń kùn.

"Sà, kí lèyí?"

"Èwo? Áà, ìyẹn. Orí tábìlì mi ló wà. Mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, mo bá kọ nǹkan sí i. A kì í fi ìwé ṣòfò ní ọ́fíìsì wa."

"Ṣé ẹ kà á?"

"Mo rí i pé ó dé. Ó wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ máa gbé yẹ̀wò lẹ́yìn ayẹyẹ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kò yẹ kí ẹjọ́ ìwà ipá wá ba Ọjọ́ Ìdọ́gba jẹ́."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

Ìyá Atẹ̀wé dìde. Ó lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Ẹ̀rọ náà mí fíìì, ó dákẹ́.

"Kí ló ṣe é?" Alága fò sókè. "Ìyá Atẹ̀wé, kí ló ṣe ẹ̀rọ?"

"A máa gbé e yẹ̀wò lẹ́yìn ayẹyẹ."

"Ẹ má bá mi ṣeré! Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn!"

"Ọmọ yìí ò lè rin ìrìn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé kíláàsì. Ẹ kà á, sà. Lẹ́yìn náà ẹ pe ẹni tó mọ ibi tó wà."

Alága gba ìwé náà bí ẹni tó ń gba ìwé ìdánwò tó mọ̀ pé òun kùnà. Ó kà á. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Nígbà tó dé ibi apá, ó wá àga, ó jókòó. Inú tó ń bí Ìyá Atẹ̀wé rọ̀ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.

"Mo rí i pé ó dé ni," ni Alága wí lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó dà bí ẹni tó ń jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀. Ẹ pè."

Ó pe akọ̀wé. Ìyá Atẹ̀wé ń gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé, ìwọ ni? Gbọ́, ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí wa… O mọ̀ ọ́n? … Lọ́jọ́ tí ìwé dé gan-an? … Ọsibítù wo? … Apá ti ń san? … Níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí? Ta ló lọ jẹ́rìí? … Ẹ̀yin? … Ẹ̀yin nìkan? … Ẹ ṣeun. Rárá, mi ò bínú. Ẹ ṣeun, mà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá Atẹ̀wé ṣàkíyèsí pé "ìwọ" ló fi bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin" ló fi parí.

"Òun ló kọ́kọ́ ṣí ìwé náà kà kó tó gbé e sórí tábìlì mi," ni Alága wí. "Ọjọ́ náà ló mú ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù. Ilé rẹ̀ ló ń gbé báyìí. Wọ́n ti ní kí ọmọkùnrin yẹn má fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ títí wọ́n á fi dá ẹjọ́ rẹ̀."

"Ọpẹ́ o." Ìyá Atẹ̀wé mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ bi í?"

"Mo bi í. Ó ní ìgbà mẹ́rin lòun wá kan ilẹ̀kùn. A ní kí wọ́n má dí wa lọ́wọ́, pé à ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ obìnrin."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Atẹ̀wé padà lọ ki wáyà bọ ògiri, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Alága fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ dá ìdẹ́kun padà síbẹ̀. Ẹ fi akọ̀wé sí àárín. Ó ní òun máa fi fọ́tò ránṣẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ wá igun kan fún mi."

Fóònù dún. Alága gbé e, ó gbọ́, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹyin.

"Ṣé kò sí nǹkan o?" ni Ìyá Atẹ̀wé bi í.

"Akọ̀wé ní ọmọbìnrin náà fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́la. Àkókò tèmi ni wọ́n fún un."

"Gbogbo ogójì ìṣẹ́jú?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá ní kí ẹ̀yin ṣe?"

"Ó ní kí n jókòó níwájú, kí n dákẹ́, kí n máa gbọ́."

Àánú ṣe Ìyá Atẹ̀wé. Láti ìgbà tó ti mọ ọkùnrin yìí, kò rí i rí kó gbìyànjú ohun tó le tó èyí. Ó fa àga kan súnmọ́ ọn, ó tú aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ fara balẹ̀, sà, iṣẹ́ tí èèyàn ò ṣe rí ló ń le. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú méjì dán an wò. Ó yá, mò ń sọ̀rọ̀, ẹ máa gbọ́."

"Kókó pàtàkì mẹ́ta ló wà nínú gbígbọ́," ni Alága bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Atẹ̀wé yí ọwọ́ aago padà sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú kan bẹ̀rẹ̀."