Apá Kẹrìnlá Ìwé Àdéhùn Mi

Bí mo bá darúgbó, tí mo gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ mi pàápàá, Ọjọ́rú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ náà ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà kan níbi iṣẹ́, lẹ́tà ìlà mẹ́ta péré, tí mo fi ọwọ́ ara mi sọ di ẹjọ́ ńlá.

Sìtọ́kípà ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, lójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́. Èmi ni mo ń gba àgbàdo, sóyà, dúsà tí í ṣe èèpo ọkà, àti ẹja lílọ̀ wọlé, èmi náà ni mo ń kó o fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Alhaja tó ni ilé iṣẹ́ náà wá láti ìdílé oníṣòwò àtijọ́ kan ní Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olúwa rẹ̀ á rántí gbogbo ohun tó ti ṣe láti kékeré.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣódípọ̀, gbé ìwé àdéhùn kan lé mi lọ́wọ́. Ojú ewé mọ́kànlá ni, èdè Òyìnbó wínniwínni ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní kí n lọ jókòó, kí n kà á dáadáa kí n tó fọwọ́ sí i. Mo jókòó lóòótọ́. Mo ṣí ojú ewé kìíní, mo rí orúkọ mi níbẹ̀, inú mi dùn. Mo ṣí èyí tó gbẹ̀yìn, mo rí ibi tí màá fọwọ́ sí. Mẹ́sàn-án tó wà láàárín, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó kọ wọ́n.

"Ṣé o ti kà á?" ni máníjà bi mí.

"Mo ti kà á, sà."

Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà kan, mo gbé e relé, n kò sì ronú kàn án mọ́.

Ọdún méjì kọjá. N kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọkọ̀ láti Láfẹ́nwá, mo tilẹ̀ ń fi yangàn pé bí wọ́n bá ń ka àwọn òṣìṣẹ́ tòótọ́, orí mi ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Àfi bí akọ̀wé máníjà ṣe wọ sítọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, tó na lẹ́tà sí mi, tí kò sì dúró kí n kí i. Bí mo bá ní kí n sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ní èdè wa, ohun tó wí ni pé: "O ti tàpá sí apá kẹrìnlá ìwé àdéhùn rẹ fún odidi ọdún méjì. Kọ ìwé àlàyé wá kí agogo méjìlá ọ̀sán ọ̀la tó lù. Alhaja fúnra wọn yóò rí ọ."

Kúẹ́rì ni! Èmi tí n kò gba kúẹ́rì rí! Mo jókòó lórí àpò sóyà. Ẹlòmíràn ì bá kàn rìn lọ bá máníjà, kó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni apá kẹrìnlá wí?" Ṣùgbọ́n báwo ni èmi ṣe fẹ́ bi í, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu èmi yìí kan náà ni mo fi sọ fún un pé mo ti kà á?

Múfú ni mo gbé lẹ́tà náà lọ bá. Múfú ni olórí àwọn tó ń ru àpò, ó ti lò tó ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó gba lẹ́tà náà, ó wò ó títí, ó yí ìwé náà padà kí orí rẹ̀ lè wà lókè, ó tún wò ó.

"Kí ni wọ́n ní o ṣẹ̀?"

"Apá kẹrìnlá ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Kẹrìnlá kẹ̀!" Ó mí kanlẹ̀. "Àbúrò, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àdéhùn, ìkíni ló wà níbẹ̀. Bó bá ti kọjá ẹ̀wá, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Kí lo ṣe?"

"N ò ṣe nǹkan kan."

"Fún odidi ọdún méjì?"

Ìbéèrè yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọdún méjì náà láti òpin sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé mo ti ṣe nǹkan díẹ̀. Mo kà á fún Múfú níkọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo parí, ó fọwọ́ lé mi léjìká bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Jẹ́wọ́ kí wọ́n tó kà á sí ọ létí. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Mo sáré wọkọ̀ relé ní ìrọ̀lẹ́ láti lọ wá ìwé àdéhùn mi. Mo bá ìyàwó mi nídìí iná níbi tó ti ń din róbó tó ń tà.

"Ìyá Sádíà, níbo ni ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi wà?"

"Ìwé wo nìyẹn?"

"Èyí tó funfun, tó nípọn, tó wà lábẹ́ tẹlifíṣàn."

Ó ro róbó inú epo lẹ́ẹ̀mejì, kó tó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá Sádíà, mo rò pé ẹ ò lò ó mọ́ ni. Ìwé yẹn dáa gan-an, kì í fa epo."

Bí ìwé tí mo fi ń jẹun ṣe di ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n róbó nìyẹn. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an lòun lo èyí tó kù tán. A gbéra, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, a ń wá àwọn oníbàárà rẹ̀ kiri Láfẹ́nwá. Ẹni àkọ́kọ́ ti fi tirẹ̀ dáná. Ọmọ ẹnì kejì ti fi tirẹ̀ ṣe ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà sì ti bá gọ́tà lọ. Ẹnì kẹta, télọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ló ṣì ní ojú ewé kan, ṣùgbọ́n ó ti kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun ò lè fún mi àfi tí òun bá kọ́kọ́ dà á kọ. Mo dúró tì í, ó ń dà á kọ: àyà, èjìká, gígùn apá. Mo rò pé kò ní parí láéláé.

Nígbà tí mo gbà á, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni "Apá Kẹtàlá: Ìwà Àìtọ́ àti Ẹ̀ṣẹ̀ Òṣìṣẹ́." Sísùn lẹ́nu iṣẹ́. Lílo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ fún ohun tara ẹni. Fífi ẹrù ilé iṣẹ́ ṣe ohun tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́. Fífi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyà wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìwé ìkìlọ̀, ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́, ìléjáde. Àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti ń gbé lórí àjà sítọ̀ wa láti ọdún méjì. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti kọ "Apá Kẹrìnlá." Ojú ewé sì parí síbẹ̀.

Bí gbogbo ohun tí mo ṣe bá ti wà nínú kẹtàlá, kí ló máa wá wà nínú kẹrìnlá? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ò ṣe kúkú bi wọ́n léèrè?" ni ìyàwó mi wí.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, n kò sì dá a lóhùn. Mo padà sílé, mo jókòó, mo kọ ìwé àlàyé mi ní Yorùbá, kó lè wọ Alhaja lára. Ojú ewé mẹ́ta gbáko ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí agogo mẹ́wàá tó lù, mo ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ ní ọ́fíìsì Alhaja. Máníjà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Alhaja gba ìwé mi, wọ́n nà án jìnnà sójú, wọ́n ní, "Ṣódípọ̀, bá mi kà á, mi ò mú awò mi wá."

Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "'Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní. Mo máa ń sùn lórí àpò dúsà láti aago kan sí aago méjì ọ̀sán. Múfú náà máa ń sùn, ṣùgbọ́n òun kì í pẹ́ tó mi.'" Ó dúró, ó wò mí. Alhaja ní kó máa kà á lọ. "'Ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Mo ń sin ológbò kan ní sítọ̀, ẹja lílọ̀ ilé iṣẹ́ ni mo sì fi ń bọ́ ọ.'"

"Ẹja mi?" ni Alhaja wí.

"Díẹ̀ ni, mà. Eku ló ń lé."

"Abájọ. Mo ní kí ló dé tí ológbò yẹn fi sanra ju ọmọ ọ̀dọ̀ mi lọ."

"'Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta,'" ni máníjà tún kà. "'Mo fi ọkọ̀ ilé iṣẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá ìyàwó mi lọ sí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ. Mo ní àpò àgbàdo ni. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹrin…'" Ó bá gbójú sókè. "Alhaja, bóyá kí n kàn…"

"Mo ní kó o kà á."

"'Mo máa ń rìn bíi ti Alhaja fún àwọn tó ń ru àpò, pàápàá bí wọ́n ṣe máa ń rìn tí inú bá ń bí wọn.'"

Alhaja na ìka sí mi.

"Dìde," ni Alhaja wí. Mo dìde. "Rìn ín kí n rí."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo bẹ̀ yín…"

"Mo ní kó o rìn."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo fọwọ́ òsì lé ìbàdí, mo gbé àgbọ̀n sókè, mo sì rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé bíi tòlótòló tó rí àlejò lágbàlá. Òógùn bò mí. Alhaja kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Èjìká mi kì í mì báyẹn. Tún un rìn."

Mo tún un rìn. Máníjà ti fi áńkáṣíìfù bo ojú, ó ń wúkọ́ ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́. Lójijì ni Alhaja bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi etí ìborùn nu ojú. Nígbà tí wọ́n gbádùn tán, wọ́n yíjú sí máníjà.

"Kí tiẹ̀ ni apá kẹrìnlá ọ̀hún wí?"

Máníjà ṣí fáìlì. "Ó ní dandan ni kí sìtọ́kípà lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọọdún, kí ẹlòmíràn lè bá a mójú tó sítọ̀. Ọmọ yìí kò lọ ìsinmi rí láti ìgbà tó ti dé. Ìdí rẹ̀ nìkan ni mo ní kó ṣàlàyé."

Ìsinmi! Mo wo ilẹ̀ bóyá ó máa lanu. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń retí kí n lọ sinmi, èmi ń jẹ́wọ́ ológbò!

"A fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kó o má fi iṣẹ́ pa ara rẹ ni," ni Alhaja wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu ti jẹ́wọ́, etí ti gbọ́ ọ. Ṣódípọ̀, ṣe ohun tí ìwé wí."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n lé mi lọ ìsinmi, pẹ̀lú ìwé ìkìlọ̀ nínú àpò mi. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi wà ní ẹnu géètì, tí mo ń ka àpò lórí ọkọ̀ nínú oòrùn. Wọ́n fún Múfú náà ní ìwé ìkìlọ̀ tirẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o," kò dá mi lóhùn títí Iléyá fi dé. N kò bínú sí i. Lóòótọ́ ni kì í pẹ́ lójú oorun tó mi, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Alhaja ní kí wọ́n túmọ̀ ìwé àdéhùn náà sí Yorùbá, kí wọ́n sì kà á sókè fún gbogbo òṣìṣẹ́ lágbàlá. Iwájú pátápátá ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, láti apá kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn, kò sì sí nǹkan tó le nínú rẹ̀. Wákàtí kan péré ni. Wákàtí kan tí mo sá fún ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn ka ìwé kó tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá sì kà á, kó ní ìgboyà láti béèrè, nítorí ojú tó tì mí láti béèrè ìbéèrè kan ló mú kí n dáhùn mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Títí di òní, mo lè wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Kútọ, kí n ṣàdédé rántí ara mi láàárín ọ́fíìsì, ọwọ́ ní ìbàdí, tí ọ̀gá mi ń kọ́ mi bí màá ṣe mi èjìká. Èmi nìkan á bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì mí á wò mí, á sì rọra sún díẹ̀.