Mùsílímátù Pe Ìyàwó Tísà Lẹ́jọ́, Torí Ó Bá a Fọ Agbada

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀sùn náà, ẹ ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹnì kan yá agbada lọ́wọ́ ẹnì kejì, ó lò ó, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó dá a padà. Ni ẹni tó ni agbada bá figbe ta, ó ní kí Baálẹ̀ gba òun, wọ́n ti pa òun láyé.

Ààfin tí mo sì ń wí yìí, ẹ má fi wé ti ọba aládé. Ilé Baálẹ̀ Ọládòṣù ni, ní abúlé wa tó wà láàárín Ìrókò àti Akínyẹlé. Bí òjò bá ń rọ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ a máa sún síbi tí páànù ò ti jò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n ń dá níbẹ̀, adájọ́ onírun funfun ti Ìbàdàn ò jẹ́ dán an wò.

Mùsílímátù, Ìyá Fàtímọ̀, ló pẹjọ́. Opó ni, ẹ̀bá títì ló ti ń dín àkàrà. Àkàrà rẹ̀ ni àwa àgbẹ̀ máa ń jẹ ká tó kọrí sóko, òun náà sì ni àwọn awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà máa ń tìtorí ẹ̀ dúró. Olúrẹ̀mí, ìyàwó Tísà Ajíbádé, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹ ò tíì rí obìnrin tó ní ìmọ́tótó tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní adìyẹ rẹ̀ pàápàá máa ń nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Agbada ọ̀hún wà lórí ẹní láàárín àwọn méjèèjì, ó ń kọ mànà, ojú sì ń tì í.

"Mùsílímátù, sọ tẹnu ẹ," Baálẹ̀ wí.

"Kí ẹ̀mí yín ó gùn, Bàbá. Olúrẹ̀mí fọ agbada mi."

"A ti gbọ́ ìyẹn. Kí ló tún ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan mìíràn. Ó fọ̀ ọ́ ni!"

Ọ̀tún Lìádì, àgbà ìgbìmọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ò bá mi fọ abọ́ tèmi láti ìjẹta, n ò sì tíì pè é lẹ́jọ́. Wọ́n wá bá ìwọ fọ tìẹ, ò ń sunkún."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ọ̀tún. Irin gidi ni agbada yìí, kì í ṣe páànù. Ìyá mi ló ni ín, òun ló fi dín àkàrà tó fi tọ́ mi. Bí mo bá dín àkàrà tán, màá da òróró kúrò, màá fi àkísà nù ún nígbà tó ṣì gbóná, màá fi epo díẹ̀ pa á lára, màá sì dojú ẹ̀ dé sórí ààrò. Ọṣẹ kì í kàn án. Omi kì í sùn nínú ẹ̀. Dúdú tó wà nínú ẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí àkàrà lẹ̀ mọ́ ọn. Dúdú ọwọ́ ìyá mi ni, Bàbá! Olúrẹ̀mí wá yá a fún àsè ìkórè wọn, ó sì dá a padà fún mi ní funfun báláú."

"Kí ló wá ṣe àkàrà?"

"Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Bí mo bá yí i, ó fọ́. Bí mi ò bá yí i, ó jó. Àwọn oníbàárà mi ti ń lọ níkọ̀ọ̀kan. Opó ni mí, agbada yìí ló ń bọ́ mi. Bí àkàrà ò bá yọ, kí ni n ó jẹ?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Lìádì díẹ̀. Baálẹ̀ kọjú sí Olúrẹ̀mí.

"Ìyàwó Tísà, o gbọ́?"

Olúrẹ̀mí kúnlẹ̀, ó sì tún ìró ṣe kí eruku má bàa kàn án. "Mo gbọ́, Bàbá. Mo yá agbada, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í yá abọ́ alábọ́ kó dá a padà ní dídọ̀tí. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Kì í ṣe irọ́!" àwọn ìyá ẹnu ọ̀nà dáhùn.

"Ẹ ṣeun. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò mọ́. Mo fi eérú fọ̀ ọ́, kò mọ́. Mo fi iyanrìn ha á, ó ń wò mí. Ẹ̀yin àgbà, ìdọ̀tí inú agbada yẹn ti tó fẹ̀yìn tì! Mo wá rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo parí ẹ̀, ojú ara mi ni mo rí nínú ẹ̀."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Mùsílímátù ké.

"A kì í dúró de ẹ̀bẹ̀ ká tó ṣe oore, Ìyá Fàtímọ̀. Èmi gan-an ló yẹ kí n pẹjọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dá agbada yín padà, ẹ ò tíì yà nílé mi kẹ́ ẹ ní 'o kú oore àná'. Àwọn àgbà ló sì sọ ọ́, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Ẹnu yà mí. Mo ti rí ẹni tó jalè tó sẹ́, n ò rí ẹni tó ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ tó tún ń sin gbèsè ọpẹ́ rí.

Lìádì gbé agbada sókè, ó fi ìka ra ìdí rẹ̀. "Ìyàwó Tísà, kí ni pupa yìí? Ṣé kì í ṣe pé ó ti dógùn-ún?"

"Rárá o, Bàbá. Àwọ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìdọ̀tí ló ti bò ó mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí."

"Háà," Lìádì wí, ó rọra gbé agbada sílẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí àwọn ẹlẹ́rìí ó bọ́ síwájú. Títílọpẹ́, olórí akọrin obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló kọ́kọ́ dìde fún Olúrẹ̀mí.

"Bàbá, agbada yẹn dọ̀tí kọjá sísọ. Bí mo bá rí i, èébì ló máa ń gbé mi. Láéláé, mi ò lè fi ẹnu kan nǹkan tí wọ́n bá dín nínú ẹ̀."

"Títílọpẹ́," Mùsílímátù wí, "ta ló jókòó sórí àpótí mi kẹ́ ẹ tó ṣe ìkórè, tó ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ?"

"Ebi ló ń pa mí nígbà yẹn."

"Ta ló tún ní kí n ha èérún ìsàlẹ̀ agbada kún un fún òun?"

"Èérún ló dùn jù níbẹ̀ kẹ̀," Títílọpẹ́ dáhùn, kó tó rántí ẹni tí òun wá jẹ́rìí fún. Ó jókòó. Olúrẹ̀mí fi ojú tó lè fọ agbada wò ó.

Ó kan Tísà Ajíbádé. Ó so táì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, òógùn ń ṣàn.

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa agbada o. Ọ̀rọ̀ ìdáná, ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ìwé àwọn ọmọ ni mò ń máàkì."

"Ẹ ṣeun, Tísà," Baálẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ n rí àtẹ́lẹwọ́ yín."

Tísà na ọwọ́ òsì.

"Èkejì ńkọ́?"

Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti bó yányán.

"Kí ló bó yín lọ́wọ́ báyìí?"

"Mo... mo kọ ebè, Bàbá."

Ilé dàrú. Àwa tá a jẹ́ àgbẹ̀ ń wo ara wa. Lìádì béèrè pé, "Tísà, ibo ni oko yín wà? Ẹ jẹ́ ká wá bá yín gbin iṣu sí i."

Olúrẹ̀mí ò lè gba ìtìjú ọkọ rẹ̀ mọ́ra. "Baba Jìmí, ẹ sọ òótọ́ fún wọn kó tán! Bàbá, sáńpépà ló bó wọn lọ́wọ́. Iyanrìn ò ran dúdú yẹn, ni wọ́n bá lọ mú sáńpépà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́yìn, kí n wo bí ọkùnrin ṣe ń ṣe é."

"Sáńpépà!" Baálẹ̀ wí. "Lára agbada àkàrà?"

"Ó dán, Bàbá," Tísà dáhùn wéréwéré. Ẹ ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀. Inú ẹ̀ ṣì ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Sàníù, awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà, ló wá jẹ́rìí fún Mùsílímátù. Ó ní òun awakọ̀ kì í purọ́. Gbogbo wa jẹ́ kó kọjá.

"Bàbá, àkàrà ìyá yìí tẹ́lẹ̀, ó máa ń rí roboto, ẹ̀yìn ẹ̀ á pọ́n, inú ẹ̀ á fúyẹ́. Ti ìsinsìnyí, bí ẹni ń jẹ èèpo igi ni. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi bàjẹ́ débi pé mi ò fi ẹnu kan àkàrà mọ́. Ààwẹ̀ ni mo ń gbà."

"Ìrùngbọ̀n rẹ ń dán fún ẹni tó ń gbààwẹ̀," Lìádì wí.

Sàníù fi ọwọ́ nu àgbọ̀n. "Èyí? Ti Akínyẹlé ni. Ìyá kan wà níbẹ̀, ẹ ò bá tọ́ àkàrà ẹ̀ wò..."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.

"Sàníù, ìwọ náà?" Mùsílímátù wí. Kò pariwo mọ́. Ó tú ìdí gèlè, ó fi nu ojú. "Ìwọ tí mo máa ń yọ tìẹ sọ́tọ̀, bí ọkọ̀ rẹ bá pẹ́. Bàbá, ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹlẹ́rìí tèmi nìyẹn."

Ó dùn mí wọra. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, àyàfi Títílọpẹ́ tó ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

Àwọn ìgbìmọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Àwọn kan ní àṣà ni àṣà, ẹni tó yá abọ́ gbọ́dọ̀ fọ abọ́, Olúrẹ̀mí ò jẹ̀bi. Àwọn kan ní bí wọ́n bá yá ẹṣin lọ́wọ́ èèyàn, ṣé wọ́n á bá a bó awọ rẹ̀ kó lè mọ́? Baálẹ̀ gbọ́ títí ó fi sú u. Ó ní kí wọ́n dá iná sí àgbàlá, kí Mùsílímátù gbé ẹ̀wà tó ti lọ̀ wá, kí agbada fúnra ẹ̀ jẹ́rìí.

Wọ́n gbé agbada kaná. Òróró hó. Mùsílímátù dá àkàrà sí i, ó sì jọ pé gbogbo abúlé ló dá èémí dúró. Nígbà tó fi igi kàn án láti yí i, ẹ̀yìn ẹ̀ dúró sínú agbada, inú ẹ̀ bọ́ síta. Ó dá òmíràn. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ha ẹ̀rí náà sínú abọ́ tánganran, wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lìádì ní ojú nìkan ò tó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí akọ̀wé abúlé tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rí, ẹ̀rí ti tán.

"Ó korò díẹ̀," Lìádì wí, ó ń lá ìka. "Ẹ tún dá sí i, kó lè dá wa lójú."

Baálẹ̀ ní ó tó. Ó wúkọ́, a sì mọ̀ pé ìdájọ́ dé.

"Mùsílímátù, ìwọ jẹ̀bi. O mọ obìnrin tí adìyẹ rẹ̀ ń nu ẹsẹ̀, o gbé agbada fún un, o ò sì kìlọ̀ fún un. Olúrẹ̀mí, ìwọ jẹ̀bi jù. Nǹkan ẹni ẹlẹ́ni kì í ṣe ibi tá a ti ń fi ìmọ́tótó ṣe fáàrí. Tísà, ẹ̀yin ò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni à ń bá wí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ebè lórí agbada. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kó dúdú inú agbada yìí lọ. Ẹ ó kó o padà."

"A ó ṣe é báwo, Bàbá?" Tísà béèrè.

"Láràárọ̀, kí agogo ilé-ìwé tó lù, ẹ ó wà nídìí ààrò Mùsílímátù. Tísà á ṣẹ́ igi, á fẹ́ iná. Olúrẹ̀mí á fi epo pa agbada lára, á sì gbé e kaná títí yóò fi rú èéfín. Á nù ún, á tún un pa, á tún un gbé kaná. Ọwọ́ tó bá dúdú níbẹ̀, kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Àkàrà tó bá fọ́, Tísà ni yóò jẹ ẹ́, tòun ti táì lọ́rùn. Adìyẹ ò gbọdọ̀ bá a jẹ níbẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?" Tísà pariwo.

"Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ò ní nìkan jẹ ẹ́. Sàníù, láti òní lọ, ọkọ̀ rẹ ò gbọdọ̀ kọjá láìdúró níwájú Mùsílímátù. Ìwọ àti gbogbo èrò inú ẹ̀ ni yóò rà níbẹ̀, bó fọ́, bó jó. Bí mo bá tún gbóòórùn àkàrà Akínyẹlé ní ìrùngbọ̀n rẹ, màá ní kí Tísà fi sáńpépà fá a."

Sàníù dì mọ́ ìrùngbọ̀n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Mùsílímátù rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà má tíì rẹ́rìn-ín, Mùsílímátù. Ó di dandan kó o lọ kí Olúrẹ̀mí pé ó kú oore."

"Èmi kẹ̀, Bàbá?"

"Ìwọ ni. Ọjọ́ tí àkàrà bá ti yọ nínú agbada yìí bó ṣe ń yọ láyé ìyá rẹ, ọjọ́ náà ni kó o lọ kí i."

Olúrẹ̀mí gbọ́ pé ọpẹ́ òun ń bọ̀, ojú ẹ̀ là. Ó kúnlẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ rántí eruku. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìgbà wo lẹ rò pé yóò dúdú tán?"

Baálẹ̀ ti ń dìde. Ó wo agbada, ó wo Tísà, ó wá wo ikùn Olúrẹ̀mí tó ti ń yọ díẹ̀díẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ ayé ìyá Mùsílímátù ló fi dúdú," ó ní. "Bẹ́ ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ọmọ yín á bá yín parí ẹ̀."