Ẹ̀rọ Àìbẹ̀rẹ̀

Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, Ìyá Olùkọ́ jókòó sórí àga gíga nínú pálọ̀ rẹ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ kan, ìwé àjákọ lọ́wọ́ kejì. Bàtà dúdú rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò mọ̀. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé náà ya wọlé, ìyẹ̀fun pákó ní irùngbọ̀n, pẹ́ńsù lórí etí, òwú nínú etí. Ariwo ẹ̀rọ tó fi ń la pákó ló mú kó fi òwú dí etí. Ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní ẹ ń pè mí."

"Káàárọ̀. O mọ̀ pé ìbàdí mi kán, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi."

"Mo mọ̀, mà. Èmi àti àwọn mẹ́ta la gbé yín wọlé lọ́jọ́ tí ẹ ti ọsibítù dé. Títí di òní, èjìká ń dùn mí."

"N kò bi ọ́ ní ti èjìká. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ni, mà?"

"N kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá."

"Háà! Ohun tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ lè parí ìyẹn?"

"Káfíńtà! Bẹ̀rẹ̀! Kí èèyàn tẹ̀ síwájú, kí ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ bẹ̀rẹ̀!"

Káfíńtà fi ọwọ́ ha irùngbọ̀n. "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ béèrè."

"Béèrè."

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wọ abẹ́ tábìlì.

"Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀, mà."

Ìyá Olùkọ́ di ojú, ó ka ení dé ẹ̀wá. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí ọkùnrin yìí fi ọdún méjì jókòó sí kíláàsì kẹrin rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ lọ sí kíláàsì karùn-ún. Ó dáhùn pé ẹ̀kọ́ ìyá ló dùn, òun kò fẹ́ kó tán.

"Dìde. Gbọ́ mi dáadáa. Ọmọ mi obìnrin ní n kò lè dá gbé mọ́. Ó máa pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn ní agogo mẹ́rin òní. Bó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé mo wọ bàtà méjèèjì fúnra mi, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mí, ó gbà kí n máa gbé ilé mi. Bí n kò bá lè wọ̀ ọ́, mọ́tò ń bọ̀ wá gbé mi lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Sátidé."

"Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò dáa ni, mà?"

"Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ àwàdà."

"Ìyẹn mà dáa!"

"Àwàdà kan náà ni. Ọdún kọkànlá rèé."

Káfíńtà ṣí fìlà fún un bí ẹni tó ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. "Ẹ ò ṣe kúkú wọ sílípáàsì, mà?"

"Dókítà ní bàtà tí kò ní ẹ̀yìn máa gbé mi ṣubú. Bàtà tó bo gìgísẹ̀ ló ní kí n máa wọ̀. Má dààmú, mo ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni. Ohun tí n kò bá mọ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìwọ kàn ṣe ohun tí mo bá sọ."

"Ohun tí ẹ bá sọ gan-an ni n ó ṣe, mà. N kò ní fi kún un, n kò ní yọ nínú rẹ̀."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ba Ìyá Olùkọ́ lẹ́rù. Kò bà á. Ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀.

"Ó dáa. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

"Mà! Dókítà ní..."

"Iṣẹ́, Káfíńtà! Ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Wo bàtà yìí. Ó ní imú, ó ní ẹnu, ó ní ahọ́n."

"Ó mà ní gbogbo nǹkan orí, mà. Ó wá ń gbé lẹ́sẹ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ sábẹ́ gìgísẹ̀ mi, n kò sì lè fi ọwọ́ fà á yọ. Mo fẹ́ igi pẹlẹbẹ tí mo máa kì bọ ẹ̀yìn bàtà, kí gìgísẹ̀ gba orí rẹ̀ yọ̀ wọlé. Kó ní ọwọ́ gígùn. Kó tẹ̀ díẹ̀ lórí, bí ọkọ́."

Pẹ́ńsù tí Káfíńtà fi ń kọ ọ́ sórí àjákù pákó dúró lójú kan. "Bí kí ni, mà?"

"Ọkọ́. Ọkọ́ kékeré kan ni mo ń wá."

"Kékeré."

"Èyí tí apá mi máa ká. N kò fẹ́ èyí tó wúwo. Kó sì dán, kó má fi ẹ̀gún gún mi."

"Ẹ̀gún ni irùngbọ̀n, àbí?" Káfíńtà kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó yé mi, mà."

"Bí mo bá lò ó tán, n ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Káfíńtà fi pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, ọ̀gá bíríkìlà kan wà lójú títì kejì. Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé. Kò ga, kò wúwo, ó sì máa ń fá irùngbọ̀n láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, mà, mi ò rò pé ó máa gbà."

Ìyá Olùkọ́ wò ó títí.

"Yọ òwú etí rẹ."

Ó yọ ọ́.

"Ọkọ́! Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko!"

"Yéè! Ẹ foríjì mí, mà. Etí ló gbé mi dé ibi tí wọn ò rán mi."

Ó kó òwú sápò, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Káfíńtà."

"Mà?"

"Ó ti tó ìgbà wo tí ìyàwó rẹ̀ ti kú?"

"Ìyàwó ta ni, mà?"

"Lọ gé pákó."

Nígbà tó di agogo mọ́kànlá, orí igi kan yọ lẹ́nu ọ̀nà. Igi náà ń wọlé, ó ń wọlé. Ó kọjá àga, ó kọjá tábìlì, ó kan fèrèsé. Káfíńtà tó di ìdí rẹ̀ mú kò tíì yọ.

"Kí nìyí?"

Ohùn Káfíńtà ti ìta wá: "Ọwọ́ gígùn ni, mà! Èyí tó gùn jù ní ṣọ́ọ̀bù ni!"

"Ṣé aládùúgbò ló máa bá mi di ìdí rẹ̀ mú ni?"

"Ẹ ò sọ bó ṣe máa gùn tó, mà! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní ìṣirò! Ó yà mí lẹ́nu o!"

Ìyá Olùkọ́ yẹ ìwé àjákọ rẹ̀ wò. Òun gan-an ni kò sọ ọ́. "Gé e kó dé ìbàdí mi," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Wọ́n gé e. Káfíńtà fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Orí rẹ̀ fẹ̀ bí ahọ́n màlúù, ó sì tẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Ìyá Olùkọ́ dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kì í bọ ẹ̀yìn bàtà ọ̀tún, ó ti ẹsẹ̀ síwájú. Bàtà náà yọ̀ lórí ilẹ̀ tó ń dán, ó lọ. Ó tẹ̀lé e. Ó tún ti ẹsẹ̀. Bàtà tún lọ.

"Ó ń sá, mà!"

"Mo rí i!"

"Ó ti wọ abẹ́ àga!"

"Mo ní mo rí i! Dá a dúró! Mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí o wá nǹkan ṣe sí wọn, kí wọ́n má lè kúrò lójú kan!"

"Kí wọ́n má kúrò rárá?"

"Kí wọ́n má tilẹ̀ mì!"

Káfíńtà kó bàtà lọ. Ìró òòlù dún, ó dún gan-an. Nígbà tó padà, ó gbé pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wọlé, bàtà méjèèjì dúró lórí rẹ̀ bí àwọn tó ń dúró de fọ́tò. Ó gbé e kalẹ̀. Ìyá Olùkọ́ kì ọkọ́ igi bọ ẹ̀yìn ti ọ̀tún, ẹsẹ̀ yọ̀, ó wọlé wọ̀ọ̀. Ti òsì náà wọlé.

"Ó wọ̀! Káfíńtà, ó wọ̀!"

"Ó wọ̀, mà!"

Ó jó. Láti ọrùn lọ sókè ló ti jó, nítorí ìbàdí. Káfíńtà bá a jó ti ìsàlẹ̀ kó lè pé.

"Ó yá, jẹ́ kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà." Ó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbé. "Káfíńtà."

"Mà."

"Kí ló di bàtà mi mú?"

"Ìṣó ni, mà. Mẹ́rin mẹ́rin. Etí etí ni mo kàn án sí kó má bàa gún yín."

"O kan bàtà mi mọ́ pákó!"

"Ẹ ní kó má tilẹ̀ mì, mà."

"Báwo ni n ṣe máa rìn?"

Ó ya Káfíńtà lẹ́nu gan-an. "Rírìn? Mà, wíwọ̀ lẹ bá mi sọ."

Ìyá Olùkọ́ yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó padà jókòó. Agogo méjì ti lù. Ó wo àwọn fọ́tò lára ògiri, ó wo àga tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ láyé, ó wo fèrèsé tó máa ń gbà bá gbogbo ojú títì jà láràárọ̀. 

Káfíńtà rọra ń fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó. Ìdákẹ́ ìyá yìí dẹ́rù bà á ju ariwo rẹ̀ lọ.

"Mà."

"Ẹ̀n."

"N kò mọ ìwé o. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá ń sá fún èèyàn nínú yàrá, ṣé kì í ṣe ara ògiri ló máa sá mọ́? Bí a bá gbé imú bàtà kan ògiri, ibo ló tún kù tó máa sá lọ?"

Ìyá Olùkọ́ yí ọrùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ó wo bàtà. Ó wo ògiri. Ó fi orí ọkọ́ igi tó tẹ̀ náà wọ́ bàtà kan tí ìṣó rẹ̀ ti tán dé ìdí ògiri, ó kì í bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀. Bàtà fẹ́ sá. Ògiri kọ̀ fún un. Wọ̀ọ̀!

Ó na ọrùn. "Ohun tí mo fẹ́ sọ láti àárọ̀ nìyẹn."

"Mo mọ̀, mà. Mo kàn bá yín sọ ọ́ ni."

"Fà á yọ lẹ́sẹ̀ mi, ká dúró de agogo mẹ́rin."

Káfíńtà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á yọ.

Agogo mẹ́rin lù, fóònù dún. Káfíńtà ló gbà á mú.

"Ọmọ yín ní àjà ilé lòun ń rí, mà."

"Yí i padà!"

Ó yí i. "Ó ní imú ọkùnrin kan lòun wá ń rí báyìí."

"Kọ ojú rẹ̀ sí mi! Ṣé ó ti rí mi?"

"Ó ti rí yín, mà. Ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n tẹsẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín, kí òun má rí ọwọ́ mi níbẹ̀."

"Gbé ọwọ́ rẹ sókè kó rí i!"

Káfíńtà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àti fóònù tó wà nínú ọ̀kan. Ìyá Olùkọ́ kì ọkọ́ igi bọ ẹ̀yìn bàtà tó wà lára ògiri, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ̀ọ̀!

"Ó wọ̀! Ṣé ó rí i?"

Káfíńtà gbé fóònù sétí. "Ó ní àjà lòun tún rí o, mà."

"Káfíńtà!"

"Ẹ ní kí n gbé ọwọ́ sókè!"

Òsì nìkan ló kù. Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ẹyin.  Ìyá Olùkọ́ kì igi, ó yẹ̀. Ó tún kì í. Ó ti ẹsẹ̀, bàtà tẹ̀ síwájú, ògiri gbà á. Gìgísẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé.



"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan, mà. Ó ń sunkún."

"Ti ayọ̀ ni àbí ti ìbànújẹ́?"

"Ó ní ẹ máa gbé ilé yín, ó ti gbà. Ó kàn ní òun ti kun yàrá tó yẹ kí ẹ wá máa gbé. Ó ní àwọ̀ òdòdó lòun kùn ún."

 Ìyá Olùkọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Sọ fún un pé n ó wá fi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ wò. Kó sọ fún ọkọ rẹ̀ kó ti máa wá àwàdà tuntun."

Ó di ọ̀pá mú, ó jáde. Ó rìn dé géètì. Ó rìn dé iwájú ilé aládùúgbò, ó sì kí èèyàn mẹ́ta tí kò mọ̀ rí, kí wọ́n lè rí bàtà rẹ̀. Káfíńtà ń tẹ̀lé e bí ẹni tó ń sin ọba. Wọ́n padà sínú pálọ̀, ìyá ń rẹ́rìn-ín, Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́.

"Káfíńtà, o ṣeun. Máa lọ sílé, ó ti rẹ̀ mí. N ó bọ́ bàtà, n ó na ẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọkọ́ igi. Ó wo ògiri. "Káfíńtà... bí èmi nìkan bá wà nílé, báwo ni n ṣe máa bọ́ ọ?"

Káfíńtà wo bàtà, ó wo ìyá, ó mú pẹ́ńsù kúrò lórí etí.

"Ẹ má tíì jókòó, mà. Ẹ ṣì tún máa rìn lọ díẹ̀ sí i, kí n máa ronú."